Iná Mànàmáná Nínú Táǹkì Ẹja: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ọmọ Ẹgbẹ́ Kan

Ní oṣù yìí a kò ní fi ìròyìn èyáwó bẹ̀rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìṣojú wa tí a rò pé kò yẹ kí ó pẹ́ kí ó tó dé etí gbogbo yín, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń sin ẹja nínú ilé ń pọ̀ sí i, àwọn kan fún títà, àwọn kan fún ẹwà pálọ̀ lásán.

Bí ẹ ti mọ̀, kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí owó fún iṣẹ́, a máa ń lọ wo ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan wà tí ó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, ìyẹn àwọn ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà tí à ń sìn sínú àpótí gíláàsì. Ó fẹ́ fi kún táǹkì rẹ̀. Àwa akọ̀wé àti ìyá akápò ni a lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ omi ni, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tutù rinrin, a sì ti bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà. Iná kò sí láti àárọ̀. Ègé ọ̀rá kan léfòó lójú omi táǹkì tó tóbi jù. Ìyá akápò, àwọn tí kì í lè rí ìdọ̀tí kí wọ́n má palẹ̀ rẹ̀ mọ́, na ọwọ́ sínú omi láti yọ ọ́. Àsìkò yẹn gan-an ni iná dé. Àwọn ọmọdé ń pariwo "Up NEPA!" níta, ìyá akápò ń pariwo nínú ilé. Ọwọ́ wọn ta jáde nínú omi, wọ́n sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àpò oúnjẹ ẹja tó wà lẹ́yìn wọn, orí wọn ì bá fọ́ mọ́ ògiri.

Nígbà tí wọ́n ti mí dáadáa, tí ọkàn gbogbo wa ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà ó ní: "Ẹ má bínú o, mà. Ṣùgbọ́n kò jọ pé inú omi ni iná ti gbé yín. Ẹ wo àwọn ẹja yìí, wọ́n ń ṣeré. Bí iná bá wà nínú omi, ṣé wọn ò ti ní kú tán ni?"

A wo àwọn ẹja. Lóòótọ́, wọ́n ń ṣeré. A kò rí èsì kankan fún un ní ọjọ́ náà. A ti wádìí báyìí lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná, a sì ti wo inú ìwé, ohun tí a rí ni a kọ síbí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí pé iná inú omi kì í ṣe àjèjì sí àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ẹ̀bá odò. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rárá ni àwọn apẹja ti mọ ẹja òjìjí, tí í máa gbọn ènìyàn jìgìjìgì bí a bá ṣèèṣì fọwọ́ kàn án nínú àwọ̀n. Àwọn onímọ̀ ti wọn agbára rẹ̀, wọ́n ní ó lè tó fólítì 350. Iná ilé wa kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 230 ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú akàn ni òjìjí fi ń ju tirẹ̀, ó sì tán. Iná ilé kì í tán. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, òun náà wà níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹja wàyí. Iná mànàmáná kì í wọ ibi kan lọ kí ó má ní ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ ti rí ẹyẹ tó bà lé wáyà òpó iná. Kì í kú, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí wáyà kan ṣoṣo, ara rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀ tàbí wáyà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹja inú gíláàsì. Gíláàsì kì í jẹ́ kí iná kọjá, pákó gbígbẹ tí táǹkì dúró lé náà kì í fẹ́ gbà fún un. Bí ara wáyà kan bá wá bó nínú omi, omi yóò gba iná sára, nítorí pé iyọ̀ àti èròjà ilẹ̀ tí ó wà nínú omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ wa ni iná ń gùn kọjá. Gbogbo omi inú táǹkì yóò ti ní iná, ẹja náà yóò sì wà láàárín rẹ̀ bí ẹyẹ lórí wáyà. Iná kò rí ibi gbà lọ, ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ọwọ́ ìyá akápò ni ọ̀nà tó ń dúró dè. Ó gba ọwọ́ wọn wọlé, ó gba àyà kọjá níbi tí ọkàn wà, ó gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bọ́ sórí símẹ́ńtì tútù. Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ wa má ṣe bínú sí wa, ẹja tó ń ṣeré kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí iná nínú omi.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé fíúùsì wà nínú pílọ́ọ̀gì, pé òun ni yóò kọ́kọ́ já. Àwa náà ti gbà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò èlé. Áńpù ni a fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn tó, mílíáńpù 1,000 ló sì wà nínú áńpù 1. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Charles Dalziel ni orúkọ rẹ̀. Ó wádìí, lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, iye iná tí ọwọ́ ènìyàn lè dì mú tí yóò ṣì lè jù sílẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bíi mílíáńpù 16 fún ọkùnrin, 10.5 fún obìnrin. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, iṣan ọwọ́ yóò dì, ènìyàn yóò máa fẹ́ jù ú sílẹ̀ ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ní gbọ́ràn. Bí ó bá tó 30, èémí lè há. Bí ó bá ń lọ sí 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kí ó máa lù.

Ara tó tutù, tó dúró lórí ilẹ̀ tó tutù, lè jẹ́ kí nǹkan bíi mílíáńpù 200 kọjá. Fíúùsì tó kéré jù nínú pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a sábà ń rí jẹ́ áńpù 3, ìyẹn mílíáńpù 3,000. Èyí tó pọ̀ lọ́jà jù, tí wọ́n ń fi sí ohun gbogbo láìwò ó, jẹ́ áńpù 13, ìyẹn 13,000. Ẹ wò ó dáadáa. 200 ti kọjá lára ọmọ ènìyàn, fíúùsì tó ń retí 13,000 kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́ kí ó má jóná, kí ó má sì jó ilé. Kò sí ẹni tó fi ṣọ́ ènìyàn.

Ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn wà, ó sì yà wá lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní i. Súwíìṣì kan ni, wọ́n ń kọ RCD tàbí RCCB sára rẹ̀. Dalziel yìí kan náà ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1961, ìlànà iná mànàmáná wọn sì sọ ọ́ di dandan ní 1968 fún àwọn iná tí wọ́n ń gbé sínú omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣòro fún ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti mọ̀. Wáyà kan ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù, èkejì ń dá a padà. Iye tó jáde gbọ́dọ̀ bá iye tó padà wọlé mu, gẹ́gẹ́ bí ìwé owó wa. RCD jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ka méjèèjì pọ̀. Bí iye kan bá sọnù lọ́nà, tí ó tó mílíáńpù 30, kò ní béèrè ẹni tó kó o, ilẹ̀kùn ni yóò tì. Kò sì ní tó ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó kí 30mA wà lára rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n kọ 100 tàbí 300 sí, ilé ni wọ́n fi àwọn ìyẹn ṣọ́ lọ́wọ́ iná sísun, kì í ṣe ènìyàn. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n kọ T sí. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù nígbà tí iná bá wà. Bí kò bá já, ó ti kú, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

A kò ní tan yín pé ó ń gba ènìyàn là nínú ohun gbogbo. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kan di wáyà tó ń lọ mú, tó fi èkejì di èyí tó ń bọ̀ mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ìwé owó yóò bára mu, RCD kò ní mọ̀ pé ènìyàn ló wà láàárín. Bákan náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń gbé síta ni a kò so wáyà wọn kankan mọ́ ilẹ̀, RCD lè má já lórí wọn bó ti yẹ. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè kí ó wo ìyẹn. Kì í ṣe ọmọ tó ń bá yín gbé jẹnẹrétọ̀ síta.

Ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ní ìlú tiwa, ni iná tí ń lọ tí ń bọ̀. Àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò láti 2005, kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé. Ó ti mọ́ wa lára láti máa fọ táǹkì nígbà tí iná bá lọ, à ń rò pé àkókò náà ló dára jù. "Iná kò sí" kò rí bákan náà pẹ̀lú "a ti yọ pílọ́ọ̀gì". Ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ló mú un dání níbi tí a kò mọ̀, ó sì lè dá a padà nígbà tí ọwọ́ wa bá dé ìgúnpá nínú omi. Ẹ yọ gbogbo pílọ́ọ̀gì tó bá ní í ṣe pẹ̀lú táǹkì, kí ẹ gbé e síbi tí ojú yín ti lè rí i, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ omi. Pípa súwíìṣì nìkan kò tó, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ti ta wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sódì, tó jẹ́ pé wáyà tó ń dá iná padà ni súwíìṣì ń gé, tí èyí tó gbé iná wá ṣì wà láàyè.

Híítà, ìyẹn ọ̀pá gíláàsì tó ń mú omi gbóná, ni àwọn oníṣẹ́ iná ń fura sí jù. Omi tiwa kì í sábà tutù jù fún ẹja ọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín kò nílò rẹ̀ àfi lásìkò ọyẹ́. Bí ẹ bá ní i, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀ kí ẹ sì dúró fún bí ìdajì wákàtí kí ẹ tó fa omi sílẹ̀. Bí omi bá lọ sílẹ̀ tí híítà dá wà nínú atẹ́gùn, tí iná wá dé, yóò gbóná kọjá ààlà. Omi tútù tí ẹ bá dà sí i lẹ́yìn náà ni yóò là á. Ìlà náà lè tinrín bí irun orí, ojú lè má rí i.

Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. A sábà ń gbé e sí ìsàlẹ̀ tábìlì kí ariwo rẹ̀ má bàa yọ wá lẹ́nu. Nígbà tí iná bá lọ, tí atẹ́gùn kò bá tì í mọ́, omi lè gba inú róbà rẹ̀ padà sẹ́yìn, kí ó sì ṣàn wọ inú ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ti ń fi róbà fa epo. Bí iná bá tún dé, omi àti iná ti pàdé nìyẹn. Kí ẹ gbé e ga ju ojú omi lọ, tàbí kí ẹ ra ìdènà kékeré tí wọ́n ń fi sí àárín róbà, tí kì í jẹ́ kí omi padà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Wáyà tó ti inú omi jáde gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó tó tún gòkè lọ bá a. Omi tó bá ń rìn lójú wáyà yóò kán sílẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ yẹn, kò ní lè gun òkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀sítẹ́ńṣàn tí a tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ táǹkì, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Ojú ibi tí a fi téèpù dúdú dì kò sì gbọdọ̀ wọ inú omi láéláé, téèpù ń dá atẹ́gùn dúró, kì í dá omi dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onípálọ̀ ni à ń sọ. Tiyín le ju tiwọn lọ, nítorí pé gbogbo ara ni ẹ fi ń wọ inú omi. Lọ́jọ́ ìkẹ́ja, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ń wọ inú táǹkì kọnkéré tàbí tapólínì dé orúnkún, pọ́ǹpù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń fa omi jáde. Kò sí ìdí fún èyí. Kí pọ́ǹpù fa omi náà tán díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé pọ́ǹpù jáde, lẹ́yìn náà kí ènìyàn wọlé. Ẹja àrọ̀ máa ń gòkè wá mí atẹ́gùn fúnra rẹ̀, kò ní kú nítorí pé pọ́ǹpù sinmi fún ìdajì wákàtí. Bí ẹ bá ń ra pọ́ǹpù, ẹ wá IPX8 lára rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ṣe é láti máa gbé inú omi títí. Èyí tí wọ́n kọ IPX4 sí, omi tó ta sí i lára ló lè gbà, kì í ṣe kí a rì í. Ẹ má sì fi wáyà rẹ̀ fà á jáde. Okùn ni kí ẹ so mọ́ ọn.

Bí iná bá mú ènìyàn, ẹ má ṣe sáré dì í mú, òkú á di méjì. Ẹ sáré lọ pa iná níbi mítà tàbí kí ẹ yọ pílọ́ọ̀gì. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ tàbí àga oníke ti wáyà kúrò lára rẹ̀. Bí kò bá mí mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé gidi, ní bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ má dáwọ́ dúró bí ẹlòmíràn ti ń pe 112 tàbí tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó tilẹ̀ dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ mú òun náà lọ, nítorí ọkàn lè ṣe ségesège lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá akápò kò fẹ́ lọ. A fi ipá mú wọn lọ ni.

Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè èyáwó fún táǹkì ẹja, ti gíláàsì tàbí ti àrọ̀, yóò kọ owó RCD àti owó oníṣẹ́ iná pọ̀ mọ́ iye tó ń béèrè, a ó sì rí i lára ògiri kí a tó fún un ní owó tó kù. Àwọn tó ti gba owó tẹ́lẹ̀ lè béèrè fún àfikún lórí ìwé kan náà, láìwá onídùúró tuntun. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí wọ́n so RCD náà mọ́ ògiri tí wọ́n sì tan iná, kò já. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ẹ ò rí i pé omi òun kò ní nǹkan kan. Oníṣẹ́ iná ní kí ó dúró ná. Ó fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ ìwọnná rẹ̀ sínú omi táǹkì ńlá, ó fi èkejì kan wáyà tó wọ ilẹ̀ lọ, ọ̀pá ẹ̀rọ náà sì gòkè. Iná wà níbẹ̀, kò kàn rí ọ̀nà ni. Ó wá ń yọ pílọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yọ pọ́ǹpù, kò yí padà. Ó yọ ẹ̀rọ atẹ́gùn, kò yí padà. Nígbà tó yọ híítà, ọ̀pá ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Ìlà tinrín kan wà lẹ́yìn ọ̀pá gíláàsì náà, lápá ibi tó kọjú sí òkúta, tí kò sí ẹni tó lè rí i.

Ìyá akápò ti padà lọ síbẹ̀ láti bá wa wo iṣẹ́ náà. Wọ́n ra ẹja méjì fún àwọn ọmọ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ fi àwọ̀n kó o fún àwọn.